Ẹ Bá Mi Kí Bàbá

Mafoluku, Oṣòdì,
Ọjọ́ kejì oṣù Kejì, 2025.

Mardiyah, Àníkẹ́ ọmọ mi,

Kú òtútù. Kú iṣẹ́. Kú ara fẹ́ra kù.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mi ò tí ì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ẹ̀nì mú. Kíkí, ọmọ ilé kejì wa tó ń ta ike fóònù, ló máa ya fótò rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ọ. Tó bá jẹ́ ti ìpè, kí n tó kí ọ tán, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á ti gbé ọ lọ, tàbí kí o ní o fẹ́ wọ bàálù. Ìwé kì í sáré. Kí ìwọ náà fi ọwọ́ ara rẹ kọ èsì, kí o ya fótò rẹ̀. Mi ò fẹ́ èyí tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀.

Ìkíni ọjọ́ Jímọ̀ rẹ ló mú mi kọ̀wé. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a sin bàbá rẹ, fóònù mi dún kí ládánì tó pe ìrun. Mo ṣí i, mo rí i bí o ṣe máa ń kọ ọ́: "Ẹ kú Jímọ̀ o, Mọ́mì. Mo wà dáadáa. Ẹ bá mi kí Bàbá." Ẹ̀rù bà mí. Mo ní ṣé ìbànújẹ́ ti da ọmọ yìí lórí rú ni? Àbí kò gbọ́ ohun tí mo sọ fún un? Àmọ́ o gbọ́, torí o sunkún débi pé èmi tí ọkọ mi kú ni mo tún ń ṣìpẹ̀ fún ọ.

Mo jókòó sórí ibùsùn, mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Ìgbà tó yá ni mo sọ fún ara mi pé ọmọ Mísbáù ọkọ mi ò ya wèrè. Ó mọ̀ pé bàbá òun ti lọ, ó sì ṣì fẹ́ kí wọ́n bá òun kí i. Ìkíni tí wọ́n bá fi rán èèyàn, àmánà ni, ohun tí wọ́n fi sí i lọ́wọ́ tí kò gbọ́dọ̀ jẹ. Ṣé o rántí pé tí bàbá rẹ bá ti Ìsẹ́yìn dé, kò ní bọ́ bàtà kó tó jíṣẹ́ gbogbo ẹni tó ní kó kí wa? Mo wọ híjáàbù mi, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí itẹ́ òkú lọ́nà Ìsọlọ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀, mo ní, "Bàbá Mardiyah, ọmọ yín ní kí n kí yín." Babáṣọlá tó ń ṣọ́ itẹ́ náà ń wò mí. Mi ò dá sí i.

Láti ìgbà náà, gbogbo Jímọ̀ tí ìkíni rẹ bá ti dé ni mò ń lọ. Òun nìkan ló ń gbé mi jáde. Ilé yìí ti tóbi jù. Mo máa ń bu oúnjẹ ẹni méjì, mo máa wá da ìkan padà sínú ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ fìdáù ọjọ́ kẹjọ ṣì ń dùn mí o. Àwọn ẹbí bi mí pé ọmọ tó ń wa bàálù dà, ṣé bàálù ò lè gbé e wálé ni? Ojú tì mí. Adébánjọ àbúrò bàbá rẹ tiẹ̀ ní ẹ̀rọ ló ń wa bàálù láyé ìsinsìnyí, pé ẹ̀yin kàn ń jókòó síwájú ẹ ń mu tíì ni. Ó ní tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ń wà á, kí ni wọ́n ń fi ọ́ ṣe tí wọn ò lè yọ̀ǹda rẹ kí o wá sin bàbá rẹ? Ṣé òótọ́ ni? Kọ èsì, má sì parọ́ fún mi.

Ìyá rẹ,
Fàósátù Ọládòṣù.


Dublin,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejì, 2025.

Mọ́mì mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú tí òjò kì í ti í dá. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ kú ìdánìkanwà.

Ọwọ́ ni mo fi kọ ọ́ bí ẹ ṣe ní. Ó ti ń ro mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan tó ju orúkọ mi lọ.

Ọ́ńkù Adébánjọ ò parọ́ tán. Èmi àti ọ̀gá awakọ̀ máa ń fi ọwọ́ gbé bàálù kúrò nílẹ̀. Kí ẹ tó mu ife omi kan tán, a ti tẹ bọ́tìnì, ẹ̀rọ ti gbà á lọ́wọ́ wa. Òun ló ń mú gíga rẹ̀ dúró, òun ló ń yà síbi tó yẹ, òun ló ń tọ́jú eré rẹ̀. Àwa ń ṣọ́ ọ. Tó bá kù díẹ̀ kí a balẹ̀, a tún gbà á padà. Kì í ṣe ọ̀lẹ, Mọ́mì. Ẹ̀rọ yẹn kì í tòògbé, kì í rẹ̀ ẹ́, ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ọkọ̀ òfurufú láàbò ju ti àtijọ́ lọ. Wàhálà rẹ̀ kàn ni pé ọwọ́ tí kì í ṣiṣẹ́ máa ń gbàgbé iṣẹ́.

Wọ́n ń fi ìtàn bàálù kan kọ́ wa. Lọ́dún 2009, ó ń ti Brazil lọ sí Faransé, ó wà lórí òkun. Yìnyín dí àwọn ọ̀pá tó fi ń mọ bí eré rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀rọ rí i pé òun ò mọ eré náà mọ́, ló bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní kí àwọn awakọ̀ gbà á. Ká ní wọ́n dì í mú jẹ́ẹ́ bó ṣe wà ni, yìnyín náà ì bá yọ́, wọn ì bá máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó dì í mú fa imú rẹ̀ sókè, ó ń fà á, ó ń fà á, títí afẹ́fẹ́ ò fi gbé e mọ́. Kò sẹ́ni tó yè nínú wọn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo ní irú èmi kọ́ ló máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń ṣe fìdáù ni wọ́n mú mi wọ yàrá ìdánwò tí wọ́n kọ́ bí iwájú bàálù, tí wọ́n fi ń dán wa wò láìkúrò nílẹ̀. Wọ́n pa ẹ̀rọ mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn aago tó ń fi eré bàálù hàn ń ta ko ara wọn. Ọwọ́ mi fa imú bàálù sókè kí orí mi tó ronú. Mo féèlì, Mọ́mì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè wálé. Ìdánwò kejì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin. Tí mo bá tún féèlì, wọ́n á gba ìjókòó awakọ̀ lọ́wọ́ mi, gbogbo làálàá tí ẹ̀yin àti Bàbá ṣe á já sí asán.

Mi ò ní ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún níbí. Yàrá kan lókè ilé àwọn ará Poland ni mò ń gbé. Tí mo bá ń dáná, mo máa ń sọ Yorùbá sí ìkòkò kí ahọ́n mi má baà gbàgbé.

Ní ti ìkíni Jímọ̀, ẹ ṣé o. Ṣùgbọ́n mo mọ bí orúnkún yín ṣe rí. Ẹ má máa wulẹ̀ lọ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Tí ẹ bá kí i látinú ilé, Bàbá á gbọ́.

Ọmọ yín,
Mardiyah.


Mafoluku,
Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, 2025.

Mardiyah,

Kú ààwẹ̀. Mo ka lẹ́tà rẹ títí iná fóònù fi kú, mo tún dúró kí wọ́n mú iná wá kí n tún un kà.

Mo kọ́kọ́ bínú. O féèlì, o ò sọ fún mi. Ṣé ará àdúgbò ni mo jẹ́ sí ọ ni? Nígbà tí o gba òdo nínú ìṣirò ní kíláàsì mi ní Ìsọlọ̀, ta ló jókòó tì ọ́ títí o fi gbà á? Àwọn tí bàálù wọn já sínú òkun yẹn ti fi ẹ̀mí wọn kọ́ yín. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Gbà á lọ́wọ́ wọn, kí o sì máa rántí wọn nínú àdúrà.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Tí mo bá kírun tán, ẹnu mi á ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí o yege. Ọkàn mi á wá máa sọ lábẹ́lẹ̀ pé tó bá féèlì, á wálé, ẹnì kan á wà nínú ilé yìí tí màá máa bá jà. Kí Ọlọ́run gba ti ẹnu, kó má wo ti ọkàn.

Ṣé o mọ̀ pé láti ọjọ́ tí o ti gba ìwé àṣẹ rẹ, bàbá rẹ kì í jẹ́ kí bàálù kọjá lórí ilé wa láìjuwọ́ sí i? Mo ní, "Bàbá Mardiyah, òkè òkun lọmọ yín ti ń wà á, kì í gba Mafoluku." Ó ní tí kì í bá ṣe ọmọ òun, ọmọ ẹlòmíràn ni. Báyìí tí bàálù bá ń kọjá, ọwọ́ mi ni mo máa ń wò. Mi ò tí ì lè gbé e sókè.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ibà dá mi wó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lọ́jọ́ Alàmísì mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ pé ara mi ò yá. O ò gbọ́ ọ. Ilẹ̀ Jímọ̀ mọ́, ìkíni rẹ dé: "Ẹ kú Jímọ̀ o, Mọ́mì. Mo wà dáadáa. Ẹ bá mi kí Bàbá." Kò béèrè ara mi. Síbẹ̀ mo dìde, mo ń gbọ̀n nínú kẹ̀kẹ́ títí mo fi dé itẹ́. Nígbà tí mo padà, Kíkí bínú sí mi, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó wo ti ọjọ́ náà, ó wo àwọn tó ṣáájú, títí dé ìgbà tí bàbá rẹ wà láyé, ló bá rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, Àǹtí Mardiyah kọ́ ló ń rán èyí o. Wọ́n ti sẹ́ẹ̀tì fóònù wọn ni jàre, òun ló ń rán an fúnra ẹ̀. Ẹ wò ó, aago kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń wọlé."

Mo lé e jáde. Mo ní irọ́ ni. Sọ fún mi pé irọ́ ni.

Ìyá rẹ.


Mafoluku,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta, 2025.

Mardiyah,

Ìkíni dé lánàá. Èsì lẹ́tà mi ò dé.

Mi ò lọ sí itẹ́. Mo wọ híjáàbù, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, fóònù wà lórí itan mi, mi ò mọ ẹni tó rán mi. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, a jẹ́ pé mo jẹ àmánà bàbá rẹ. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, a jẹ́ pé láti oṣù Kìíní ni mo ti ń bá ẹ̀rọ jíṣẹ́ fún òkú. Nígbà tí wọ́n ṣínu, omi nìkan ni mo mu.

Mo ti bẹ Kíkí. Òun ló ya fótò èyí náà.

Ìyá rẹ.


Dublin,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, 2025.

Mọ́mì mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín. Ẹ jẹ́ kí n kàn kúnlẹ̀.

Kíkí ò parọ́. Ọdún tí mo dé ibí, ìdájí ni wọ́n máa ń fi mí sí bàálù ní Jímọ̀. Ẹ rántí bí Bàbá ṣe máa ń jà tí ìkíni mi bá dé lẹ́yìn ìrun? Mo sẹ́ẹ̀tì fóònù kó máa bá mi rán an. Ó ń lọ geere. Bàbá ò jà mọ́, inú yín dùn, èmi náà sì gbàgbé pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ ìkíni Jímọ̀. Ọjọ́ tí ẹ pè mí pé ó ti lọ, fóònù yẹn ò wá sí mi lọ́kàn rárá. Jímọ̀ dé, mo jí, mo rí èsì yín: "Mo ti bá ọ kí i. Kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó gbọ́." Mi ò mọ ohun tí ẹ ń sọ. Mo wá wo òkè rẹ̀, mo rí ohun tí fóònù fi orúkọ mi kọ. Fóònù náà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo fẹ́ pa ètò náà lọ́jọ́ yẹn. Mo wá rò ó pé tí mo bá pa á, ẹ ò ní lọ mọ́, ẹnikẹ́ni ò ní kí Bàbá, ẹ̀yin náà á ti ara yín mọ́lé. Mo fi í sílẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo ń sọ pé tó bá di Jímọ̀ tó ń bọ̀, èmi ni màá kọ ọ́. Gbogbo Jímọ̀ ló ń kọ ọ́ kí n tó jí. Mo tiẹ̀ ń rí i bí ẹni pé èmi náà lọ.

Ìtàn mìíràn wà tí wọ́n ń sọ fún wa. Amẹ́ríkà ni bàálù yẹn fẹ́ balẹ̀ sí, lọ́dún 2013, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Àwọn awakọ̀ rò pé ẹ̀rọ ló ń bá àwọn tọ́jú eré. Ẹ̀rọ ò tọ́jú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tò ó lọ́jọ́ náà, ó ti dẹwọ́. Eré ń lọ sílẹ̀, aago rẹ̀ wà níwájú wọn, wọn ò tètè wò ó, títí ìrù bàálù fi gbá ògiri etí omi. Àwọn kan kú. Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn láìmọye ìgbà, mo máa ń mi orí, mo máa ń ní báwo ni wọ́n ṣe jókòó síbẹ̀ tí wọn ò rí i? Èmi náà ti jókòó, mo gbà pé nǹkan kan ń bá mi tọ́jú yín.

Mo ti pa á. Jímọ̀ ọ̀tunla, kò sí ohun tó máa dé.

Ìdánwò mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi, obìnrin àgbà kan ni, ó ní tí ẹ̀rọ bá gbé e lé mi lọ́wọ́, kí n má fa nǹkan kan. Kí n mú imú rẹ̀ síbi tó yẹ, kí n fi agbára ẹ́ńjìnnì síbi tó yẹ, kí n dì í mú. Ó ní ọwọ́ mi ń dúró de ẹni tó máa bá mi ṣe é ni. Mo bú sẹ́kún níwájú rẹ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ bàálù ni.

Ẹ dárí jì mí. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé.

Mardiyah.


Mafoluku,
Ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹta, 2025.

Mardiyah,

Kú ọdún.

O ní kí n bú ọ. Mo bú ọ látàárọ̀ ọjọ́ Alàmísì, ó kù díẹ̀ kí n fi ba ààwẹ̀ mi jẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tìrẹ ò tiẹ̀ rìn jìnnà, ọmọ tó ń ta ike fóònù ló mú un.

Kì í ṣe fóònù ló ń bí mi nínú. Tí o bá kọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí o bá gbàgbé Jímọ̀ kan, ṣé mo máa kú ni? Bàbá rẹ ń jà torí pé ó fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ. Kí o jẹ́ kó jà! Kí o bá a jà padà! O lọ fi ẹ̀rọ dí i lẹ́nu, a rò pé ọmọ wa ti gbọ́n.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo wẹ̀, mo múra, mo jókòó. Ládánì pe ìrun. Fóònù ò dún. O ti sọ fún mi pé kò ní dún, síbẹ̀ mo ń wò ó. Nígbà tí wọ́n kírun tán, mo dìde, mo lọ. Mo dé ibẹ̀, mi ò mọ ohun tí màá sọ. Láti oṣù Kìíní, iṣẹ́ rẹ ni mo ń jẹ́. Èmi fúnra mi ò tí ì bá ọkọ mi sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ní, "Bàbá Mardiyah, èmi ni. Ẹnikẹ́ni ò rán mi." Ẹkún tí mi ò sun lọ́jọ́ tí a sin ín ló dé lójú ẹsẹ̀. Babáṣọlá gbé àga ike kan wá fún mi, ó sì yà síbòmíràn.

Mo jẹ ọdún lónìí. Kíkí gbé ìrẹsì wá. Mo dúpẹ́, mo ti ìlẹ̀kùn, mo bu abọ́ ẹnì kan.

Tí ìdánwò rẹ bá dára, sọ fún mi. Tí kò bá dára, máa bọ̀ nílé, mo ti tẹ́ ibùsùn rẹ. Mo ti dárí jì ọ́, inú sì ṣì ń bí mi. Àyè àwọn méjèèjì wà nínú ilé yìí.

Ìyá rẹ.


Dublin,
Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin, 2025.

Mọ́mì mi,

Mo yege.

Wọ́n pa ẹ̀rọ bíi ti ìjọsí. Ìkìlọ̀ ń ké lọ́tùn-ún lósì, aago eré ń sọ kántankàntan. Ọwọ́ mi fẹ́ fà. Mo gbọ́ ara mi tí mo ń sọ ọ́ jáde ní Yorùbá pé, "Èmi ni. Èmi ni." Mo mú imú rẹ̀ dúró, mo fi agbára síbi tó yẹ, mo dì í mú. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo ṣe. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá bi mí pé kí ni mo ń wí. Mo ní ohun tí ìyá mi kọ́ mi ni.

Mo tọrọ ìsinmi lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ní àsìkò tí èrò ń pọ̀ ti wọlé, ó di oṣù Kẹwàá. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, mo sunkún ju ọjọ́ tí mo féèlì lọ. Mọ́mì, àárò ilé ń sọ mí. Àárò Bàbá ń sọ mí. Mo yege, mi ò sì rí ẹni tó máa gbá mi mọ́ra.

Mi ò ní ṣèlérí Jímọ̀ fún yín. Nígbà mìíràn màá wà lójú òfurufú, nígbà mìíràn oorun á gbé mi lọ. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí ẹ bá rí, èmi ni.

Ọmọ yín,
Mardiyah.


Mafoluku,
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹrin, 2025.

Àníkẹ́ mi, awakọ̀ mi,

Kú oríire. Ọlọ́run gba ti ẹnu. Ọkàn mi náà ń yọ̀, ó kàn ń yọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Oṣù Kẹwàá jìnnà. Mo ti ká ibùsùn rẹ padà kí eruku má baà bà lé e. Lọ́jọ́ Alàmísì, bàálù kan kọjá, mo gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Mo kọ́kọ́ wo àyíká bóyá ẹnì kan ń wò mí.

Lánàá, wọ́n kírun tán, ìkíni ò tí ì dé. Mo dá ara mi lọ sí itẹ́, mo jókòó sórí àga Babáṣọlá, mo sọ fún bàbá rẹ pé o yege, mo tún fi ẹjọ́ rẹ sùn ún. Mo padà délé, mo bọ́ híjáàbù, mo ki ẹsẹ̀ mi bọ omi gbígbóná. Ó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ ni fóònù dún. "Mọ́mì ẹ má bínú mo sùn lọ ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni. Ẹ kú Jímọ̀. Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ṣì ń dùn yín? Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ ní ọwọ́ mi ò gbọ̀n." Ó rí wúruwùru. Ká ní kíláàsì mi ni, màá nà ọ́. Mo kà á títí omi inú bàsíà fi tutù.

Mo nu ẹsẹ̀ mi, mo tún wọ híjáàbù, mo tún wá kẹ̀kẹ́. Babáṣọlá ti ń ti géètì itẹ́ nígbà tí mo dé. Ó ní, "Ìyá, ṣebí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni. Kí lẹ gbàgbé?"

Mo ní mi ò gbàgbé nǹkan kan. Mo ní kó ṣí i fún mi, ọmọ mi ló rán mi níṣẹ́.

Ìyá rẹ,
Fàósátù.